Igi Gogoro Má Gùn Mí Lójú: Ìwé Ìtàn Sáyẹ́ǹsì tí Ó Yẹ kí Olùkọ́ Kà



Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń jà ràn-ìn láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́, ó sì tọ́ kí a sọ èrò wa lé e lórí ní gbangba. Ọ̀rọ̀ náà ni pé, irú ìwé wo ni ó yẹ kí ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ máa kà nígbà tí ó bá ti ka èyí tí a là sílẹ̀ fún ìdánwò tán? Àwọn kan ní ìtàn ìgbésí-ayé àwọn ènìyàn ńlá nìkan ni ó ní èrè nínú. Àwọn mìíràn ní ìwé ìròyìn ni ó tó. Ṣùgbọ́n bí a bá dárúkọ ìwé ìtàn tí ó sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ tí ń fò lọ sínú òṣùpá, tàbí nípa àlejò tí ó ti ojú ọ̀run sọ̀ kalẹ̀ sí Èkó, gbogbo wọn a pa ohùn pọ̀, wọn a ní, "Irọ́ gbuu ni, ìfàkókò-ṣòfò ni." Èrò tiwa yàtọ̀ sí èyí. A gbà pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà lára èyí tí ó yẹ olùkọ́ jù lọ, pàápàá olùkọ́ tí yóò lọ dúró níwájú àwọn ọmọdé ní Ẹ̀jìgbò, ní Ìfẹ̀-Ọdàn, ní Ìlàwó, àti ní gbogbo àwọn ìletò tí ó yí wa ká.

Kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí irú ìwé náà jẹ́, kí á má baà máa jà lórí ohun tí a kò mọ̀. Ìtàn sáyẹ́ǹsì ni a óò máa pè é níhìn-ín. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni ìbéèrè kan ṣoṣo: "Bí ó bá rí báyìí ńkọ́?" Òǹkọ̀wé a mú ohun kan tí kò tíì sí, a sì gbé e sí àárín àwọn ohun tí ó ti wà. Lẹ́yìn èyí kò ní àyè láti ṣe bí ó ti wù ú mọ́; gbogbo ohun tí yóò tẹ̀lé e gbọ́dọ̀ bá ìmọ̀ àti ìwà ọmọ ènìyàn mu.

Ẹ jẹ́ kí a fi iṣu ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ìlú Ògìyán ni a wà, orúkọ òrìṣà ìlú yìí pàápàá kò sì jìnnà sí iyán. Kí a sọ pé ọ̀mọ̀wé kan mú irú iṣu kan jáde tí ó ń ta láàárín ọ̀sẹ̀ 2 péré. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ebi kò ní pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ra iṣu nígbà tí ó bá kún gbogbo ẹ̀yìnkùlé? Kí ni àgbẹ̀ tí ó fi owó iṣu rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ yóò ṣe? Ọ̀rá ilẹ̀ ńkọ́, báwo ni yóò ti pẹ́ tó kí ó tó tán? Ìgbà wo ni a óò sì ṣe ọdún iṣu tuntun, nígbà tí iṣu tuntun ń jáde ní ìgbà 26 lọ́dún? Ẹni tí ó bá ro ìbéèrè wọ̀nyí délẹ̀ ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀, nípa ọjà, àti nípa àṣà, bẹ́ẹ̀ ni kò kúrò lórí ìtàn iṣu kan ṣoṣo. Iṣẹ́ tí ìtàn sáyẹ́ǹsì ń ṣe nìyẹn.

Àwọn tí ń pè é ní irọ́ ti gbàgbé pé àlọ́ ni a fi tọ́ wọn dàgbà. Kò sí ọmọ tí ó gbà pé Ìjàpá sọ̀rọ̀ ní tòótọ́, síbẹ̀ ohun tí Ìjàpá ṣe fi ibi tí ojúkòkòrò ń gbé ènìyàn dé hàn wá. Àlọ́ a máa sọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ láyé àtijọ́. Ìtàn sáyẹ́ǹsì a máa sọ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ lọ́la. Àwọn àgbà wa ní, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Irú ìwé yìí ni òkèèrè tí a dúró sí láti wo igi náà.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń ṣiyèméjì pé ìrònú lè ṣíwájú ẹ̀rọ, kí ó wo Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta. Ọkùnrin yìí kò kàwé púpọ̀. Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni ó kọ́, iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni ó sì ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó. Ní ọdún 1954 ìwé rẹ̀ kejì jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, orúkọ rẹ̀ sì ni My Life in the Bush of Ghosts. Nínú rẹ̀, ọmọkùnrin kan ṣìnà wọ inú igbó àwọn iwin, ó sì pàdé iwin obìnrin kan tí tẹlifíṣọ̀n wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà wo ọwọ́ yìí, ó rí ìlú rẹ̀, ó rí ìyá rẹ̀, ó sì rí ewé tí ìyá rẹ̀ ń já láti fi wo egbò. Ewé yìí kan náà ni ó fi wo egbò iwin náà sàn. Ìparí oṣù October 1959 ni tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ìyẹn ni pé ọdún 5 ni ìtàn náà fi ṣáájú rẹ̀. Lónìí ńkọ́? Ìyá tí ó jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Ẹ̀jìgbò ń wo ojú ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Abijaan nínú fóònù tí ó tẹ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Ohun tí àwọn ènìyàn pè ní irọ́ iwin ti di ohun tí a ń ra káàdì fún.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a dárúkọ àwọn ìwé tí a fẹ́ kí ẹ kà, kí a sì sọ ìdí rẹ̀.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìwé kìíní ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà kọ ní 1938. Òótọ́ ni pé kò sí ẹ̀rọ nínú rẹ̀, a kò sì lè pè é ní ìtàn sáyẹ́ǹsì gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ti tò ó: ọba rán àwọn akọni ọdẹ lọ sí Òkè Láńgbòdó, ibi tí ẹsẹ̀ kì í sábà dé, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹ̀bùn tirẹ̀, ẹ̀bùn èyí sì ń dí àléébù tọ̀hún, ohun tí yóò ṣe ìlú ní àǹfààní ni wọ́n sì lọ wá. Bí a bá fi ọkọ̀ òfúrufú rọ́pò ẹsẹ̀, tí a sì fi ìràwọ̀ rọ́pò òkè, ìtàn náà ni púpọ̀ nínú àwọn òǹkọ̀wé ìtàn sáyẹ́ǹsì ń sọ títí di òní. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, olùkọ́ ni Fágúnwà, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ ni ó sì ti kọ́ṣẹ́. Ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ olùkọ́ kò fún ènìyàn láyè láti kọ ìwé, kí ó rántí rẹ̀.

Ìwé kejì ni Frankenstein, tí Mary Shelley kọ. Ọmọ ọdún 18 ni obìnrin yìí nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1816. Ìwé náà sì jáde ní 1818. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ Victor Frankenstein dá ẹ̀dá kan, ó sì fún un ní ìyè. Ní òru tí ẹ̀dá náà la ojú, ẹ̀rù ba ẹni tí ó dá a, ó sì sá fún un. Ẹ̀dá yìí kò ní orúkọ, kò ní ilé, kò sì ní olùkọ́. Láti ibi tí ògiri ti là ni ó ti ń yọjú wo ìdílé kan, ara wọn ni ó sì ti kọ́ èdè àti ìwé kíkà. Nígbà tí ó jáde tọ̀ wọ́n wá pẹ̀lú ìfẹ́, wọ́n lé e. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ìwé yìí fi hàn pé ẹni tí ó dá ohun kan sílẹ̀ tí kò sì tọ́ ọ ni ó jẹ̀bi, kì í ṣe ohun náà nìkan. Kò sí ìwé nípa ìtọ́jú ọmọ tí ó sọ ọ́ fún wa tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ti Jules Verne, ará Fáráńsé, ẹni tí ó kọ De la Terre à la Lune ní 1865. Nínú ìwé náà, a yin ọkùnrin 3 láti inú ìbọn àgbá ńlá kan ní Florida, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kí wọ́n lè dé òṣùpá. Ìwé tí ó tẹ̀lé e sọ bí wọ́n ti padà já sínú òkun Pàsífíìkì tí ọkọ̀ ojú omi sì gbé wọn. Ní oṣù July 1969, ọkùnrin 3 gbéra láti Florida lóòótọ́, méjì nínú wọn fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ òṣùpá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì padà já sínú òkun Pàsífíìkì. Ṣùgbọ́n Verne ṣe àṣìṣe kan tí ó yẹ kí olùkọ́ fi kọ́ni. Kò sí ènìyàn tí a lè yìn láti inú ìbọn tí yóò yè é. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó dúró nínú ọkọ̀ akérò ti ń ta sẹ́yìn bí awakọ̀ bá ki eré mọ́lẹ̀ lójijì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn arìnrìn-àjò náà ìbá ti fọ́ mọ́ ìdí ọkọ̀ wọn kí wọ́n tó jáde ní ẹnu ìbọn. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀ ń fi eré kún eré díẹ̀díẹ̀ ni. Kí olùkọ́ ka ojú ìwé náà fún àwọn ọmọ, kí ó sì ní kí wọ́n wá àṣìṣe ibẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà kò ní kúrò lọ́kàn wọn.

Níhìn-ín ni Ẹ̀jìgbò ti ní àǹfààní tí ọ̀pọ̀ ìlú kò ní. Gbogbo wa ni a mọ̀ bí àwọn ènìyàn wa ti pọ̀ tó ní Côte d'Ivoire, àti bí èdè Faransé ti ń ta sọ́sọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Abijaan tí wọ́n padà wálé. Nínú kíláàsì, a máa ń wo ọmọ bẹ́ẹ̀ bí ẹni tí ó rẹ̀yìn nítorí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò já geere. Ẹ fún un ní ìwé Verne ní èdè tí òǹkọ̀wé fi kọ ọ́, kí ó kà á, kí ó sì fi Yorùbá sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ náà, òun ni yóò di ọ̀gá.

A kò gbọdọ̀ fi òkodoro ọ̀rọ̀ pamọ́. Verne kan náà kọ ìwé kan ní 1863 nípa àwọn tí ó gba orí ilẹ̀ Áfíríkà kọjá nínú bàlúùnù, ó sì fi ẹ̀gàn sọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn dúdú níbẹ̀. A kò ní kí a sun ìwé náà. Ṣùgbọ́n a kò ní fi lé ọmọdé lọ́wọ́ láìsí àgbà tí yóò bá a sọ ọ́.

Ẹ̀kẹrin ni H. G. Wells, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òun náà ti ṣe olùkọ́ rí. Ìwé rẹ̀ The Time Machine, ti 1895, sọ nípa ẹni tí ó gun ẹ̀rọ lọ sí ọjọ́ iwájú tí ó jìnnà réré. Ó bá ìran ènìyàn tí ó ti pín sí méjì: àwọn ọmọ ọlọ́rọ̀ ti di aláìlágbára bí ọmọ ọwọ́, àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ sì ń gbé abẹ́ ilẹ̀, òru ni wọ́n ń jáde wá pa àwọn yòókù jẹ. Ẹni tí ó bá rí ilé gogoro àti ahéré lẹ́bàá ara wọn kò ní rí ìtàn yìí bí eré. Ìwé rẹ̀ kejì tí a yàn ni The War of the Worlds, ti 1898. Àwọn ẹ̀dá kan ti inú ayé Máàsì wá, wọ́n sì fi ohun ìjà tí kò ní ẹlẹgbẹ́ ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wells kò sì fi bò: ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, ó rán àwọn ènìyàn rẹ̀ létí ohun tí àwọn Òyìnbó ṣe fún àwọn ará Tasmania. Níkẹyìn, kòkòrò àìfojúrí ni ó pa àwọn ọ̀tá náà, kì í ṣe ìbọn. Àwa ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ìtàn yìí yẹ kí ó yé jù, nítorí ibà pa Òyìnbó púpọ̀ ní etíkun wa. Ní oṣù August 1897 ni Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn, ọdún kan náà tí ìtàn Wells ń jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀fọn tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtàn yìí kò ní mú ọmọ sùn.

Àwọn àgbà ilẹ̀ òkèèrè nìyẹn. Ó kù ti àwọn ènìyàn tiwa, tí wọ́n ń kọ̀wé lójú wa.

Nnedi Okorafor, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìgbò, tí a sì bí sí Amẹ́ríkà, ni ó kọ Lagoon ní 2014. Àwọn àlejò láti ojú ọ̀run já sínú òkun ní Bar Beach, wọ́n sì kọ́kọ́ bá àwọn ẹja sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Èyí tí ó wá sí orí ilẹ̀ gbé àwọ̀ obìnrin wọ̀, orúkọ tí a sì pè é ni Ayọ̀délé. Láti ìgbà náà, ìwà gbogbo wa ní ìlú ńlá hàn síta: ẹni tí ó fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹni tí ó fẹ́ fi wọ́n jẹun, ẹni tí ẹ̀rù sọ di aṣiwèrè. Ìwé rẹ̀ mìíràn, Binti, ti 2015, kúrú, ó sì gba ẹ̀bùn Hugo àti Nebula, tí í ṣe ẹ̀bùn tí ó lókìkí jù nínú irú ìwé yìí. Ọmọbìnrin kan láti inú ẹ̀yà Himba, tí ó mọ ìṣirò bí ẹni mọ orin, ni ó kọ́kọ́ kúrò nínú ìran rẹ̀ láti lọ sí yunifásítì kan ní ayé mìíràn. Ó bu amọ̀ pupa ilẹ̀ rẹ̀ dání, amọ̀ tí àwọn ará ọkọ̀ fi ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́. Amọ̀ yìí náà ni ó sì wà lára ohun tí ó gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ìdílé tí ó bá ní ọmọ ní ìdálẹ̀ yóò mọ ohun tí ìwé yìí ń wí.

Ẹni ìkẹyìn ni Tade Thompson, ọmọ Yorùbá tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù tí ó sì dàgbà ní Nàìjíríà, oníṣègùn àrùn ọpọlọ. Ìwé rẹ̀ Rosewater jáde ní 2016, ó sì gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2019. Ọdún 2066 ni ìtàn náà dá lé, ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ní ìlú kan tí ó yí ẹ̀dá ńlá kan ká tí ó ti ojú ọ̀run bọ́. Ẹ̀dá yìí ń fún ìlú ní iná mànàmáná, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ó sì ń ṣí ilẹ̀kùn tí àwọn aláìsàn tí ó bá wà nítòsí ń rí ìwòsàn. Ta ni nínú wa tí kò ní dúpẹ́ fún iná? Ṣùgbọ́n ìwé náà bi wá léèrè ohun tí a óò fi san án nígbà tí ẹni tí ń fún wa ní ọ̀fẹ́ bá béèrè owó rẹ̀. Àgbà nìkan ni ìwé yìí wà fún, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò mọ́ ọmọdé létí. Kí olùkọ́ kà á fún ara rẹ̀, kí ó má ṣe gbé e wọ kíláàsì.

Àwọn kan yóò sọ pé, "Ẹ̀yin yìí, níbo ni a óò ti rí owó ra gbogbo èyí?" Ìdáhùn kò ṣòro. Ìwé Shelley, ti Verne àti ti Wells ti kúrò lábẹ́ àṣẹ òǹtẹ̀wé. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Project Gutenberg, fóònù kékeré sì lè gbà wọ́n. Ti Fágúnwà kò ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn tí ń ta ìwé. Àwọn mẹ́ta yòókù ni kí a dá owó jọ rà, kí a sì máa yá ara wa.

Ó ku ohun kan, òun ni ó sì wúwo jù lọ́kàn wa. Yàtọ̀ sí ti Fágúnwà, èdè àjèjì ni a fi kọ gbogbo ìwé tí a dárúkọ. Ọmọ Ìfẹ̀-Ọdàn tí ó fẹ́ ronú nípa ìràwọ̀ ní láti kọ́kọ́ ya èdè. Kì í ṣe pé Yorùbá kò lè gbé ẹrù náà. Ní 1970, Babs Fáfúnwà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Mọ́dákẹ́kẹ́: ọdún 6 gbáko ni wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ yòókù, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Bí èdè wa bá lè gbé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ó dájú pé ó lè gbé ìtàn rẹ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa kò parí sí ìwé kíkà. Kí olúkúlùkù wa tí ó bá ń lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni mú ìbéèrè kan lọ́wọ́ fún kíláàsì rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá lè gbé ènìyàn láti Ẹ̀jìgbò dé Abijaan ní ìṣẹ́jú 5, láìfẹsẹ̀ kan Kútọnu, Lomé tàbí Akíráà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí gáréèjì, sí aṣọ́bodè, àti sí ìyá tí ń ṣọ́nà ọmọ? Kí àwọn ọmọ fi Yorùbá dáhùn, kí a sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Èyí tí ó bá dára jù nínú rẹ̀, kí a mú un wá fún ìwé ìròyìn yìí.

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, ìwé wọ̀nyí ń pè wá sí ìrìn-àjò jíjìn. Ẹ jẹ́ kí a lọ, kí a sì mú àwọn ọmọ lọ́wọ́ dání.